Àtẹ̀jíṣẹ́ Tó Ní Ká Gbìn

Agbo-ilé Ládòkun,
Ṣakí.
Ọjọ́ 27, Oṣù Kẹrin, 2024.

Sọ̀fíyàt Àyọ̀ká, ọmọ mi,

Àsàláámù àlékúmù. Báwo ni òtútù ibẹ̀ yẹn? Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá o ti ra bàtà tó nípọn. Mo ní ẹni tó ti fara da òtútù Ṣẹ́fíìdì fún ọdún mẹ́fà, ṣé bàtà ló tún kù tí wọ́n máa rán an létí? Ara wa le gbogbo. O mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ orí fóònù. Ọ̀rọ̀ tó bá jẹ mí lógún, inú ìwé ni mo máa ń kọ ọ́ sí kí n tó ya fọ́tò rẹ̀ sórí Wasáàpù fún ọ. Tíṣà ni mí kí n tó di àgbẹ̀, àìsàn náà ò sì gbóògùn.

Iṣẹ́ òjò tí o ṣe fún wa ti dé, ó sì ti jẹ́. Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mọ́sálásí pẹ̀lú ìwé ńlá kan. Mo kọ orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa, àwa mẹ́tàlélógójì, mo kọ nọ́ńbà fóònù wọn, mo sì kọ ìlú wọn bí o ṣe ní kí n béèrè. Ní Tọ́sìdeè tó kọjá yìí, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri oko: "Òjò tó rọ̀ ti tó. Ẹ lè gbin àgbàdo." Pẹ̀lú àmì ohùn lórí! Kàdírì akọ̀wé wa kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí ẹni ń ka lẹ́tà ọba.

A ti gbìn. Ìdajì irúgbìn wa la gbìn, torí katakata ò tíì ro ìyókù ilẹ̀ wa. Àwáwù, ìyàwó Ìyápọ̀ ọ̀rẹ́ mi tó di olóògbé, fẹ́ gbin ìdajì tirẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ rẹ̀ ti wà ní rírò tán. Ó ní bàbá òun kì í da gbogbo irúgbìn sílẹ̀ lójò àkọ́kọ́. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ṣé ojú bàbá rẹ̀ ríran ju ẹ̀rọ tó wà lójú sánmà lọ ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbin gbogbo rẹ̀.

Kàdírì ní kí n bi ọ́: ṣé òyìnbó ló ń bá wa sọ̀rọ̀ ni, àbí ìwọ?

Bàbá rẹ tí inú rẹ̀ dùn,
Mojeed Ládòkun.


Ṣẹ́fíìdì,
Ọjọ́ 29, Oṣù Kẹrin, 2024.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu oòrùn. Mo ti ra bàtà, kí Màmá fọkàn balẹ̀. Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ wọn ni òrí díẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀. Gbogbo ara mi ti gbẹ, ìpara ibí yìí kò sì mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ sọ fún Bàbá Kàdírì pé kì í ṣe òyìnbó ló ń sọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe èmi. Ilé-iṣẹ́ kan wà lókè òkun tó ń wọn òjò láti ojú sánmà. Wọn ò gbọ́ Yorùbá, wọn ò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ bi wọ́n léèrè á fún wọn ní nọ́ńbà méjì tó tọ́ka sí ojú ibì kan lórí máàpù, nọ́ńbà lásán ni wọ́n á sì dá padà. Bí fóònù mẹ́tàlélógójì bá lọ ń kan ilẹ̀kùn wọn lójoojúmọ́, wọ́n á tì í mọ́ wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́ ètò kọ̀ǹpútà kan sáàárín bí alárinà. Òun nìkan ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Á ṣí ìwé orúkọ, á wo ibi tí a kọ sí iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, á béèrè òjò ibẹ̀, á sì sọ ìdáhùn náà di Yorùbá. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá yí ìlànà wọn padà lọ́la, alárinà nìkan ni màá tún ṣe, ẹ̀yin ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi kọ́ ọ, Bàbá, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ mi. Mo fi han àwọn ọ̀gá mi, wọ́n sì ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ níwájú gbogbo ilé-iṣẹ́ wa níparí oṣù tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí àgbàdo bá ti yọrí, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ fún mi. Ẹ jẹ́ kí Màmá Àwáwù dúró láàárín rẹ̀.

Ọmọ yín,
Sọ̀fíyàt.


Ṣakí,
Ọjọ́ 11, Oṣù Karùn-ún, 2024.

Sọ̀fíyàt,

Mo kí ọ. Mi ò ní fọ́tò tí màá fi ránṣẹ́.

Láti ọjọ́ tí a ti gbìn, òjò kan ò rọ̀ tó ṣeé pè lójò. Ìwọ̀nba òjò díẹ̀ tó rin ojú ilẹ̀ nìkan la rí ṣáájú àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ, lẹ́yìn ìyẹn, oòrùn. Àgbàdo tó gbìyànjú láti hù yọrí bí abẹ́rẹ́, ó sì jóná. Èyí tí kò hù, àparò ti hú u jẹ. Mo rìn káàkiri oko mẹ́tàlélógójì náà láàárín ọjọ́ méjì. Kò sí ọ̀kankan tó yàtọ̀.

Jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún ọ. Ìdajì irúgbìn wa ti lọ. Ìdajì tó wà nínú àpò la ní. Bí òun náà bá jóná, ilé mẹ́tàlélógójì ò ní kórè àgbàdo lọ́dún yìí, nítorí kò sí ẹni tó ní ibi tó ti máa rí òmíràn. Àwáwù ò ní ìdajì kankan ní tirẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ yẹn.

Àwọn èèyàn ń bi mí bóyá ọmọ mi ń fi wá dán nǹkan wò fún àwọn òyìnbó. Mo ní rárá o. Ṣùgbọ́n èmi náà ń bi ọ́ báyìí: ta ló parọ́?

Bàbá rẹ.


Ṣẹ́fíìdì,
Ọjọ́ 12, Oṣù Karùn-ún, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Mo ka lẹ́tà yín tán. Ojú ẹsẹ̀ ni mo lọ ṣí àkọsílẹ̀ alárinà, torí gbogbo ohun tó bá béèrè àti èyí tí wọ́n bá fi dá a lóhùn ló ń kọ sílẹ̀.

Bàbá, kò parọ́. Ìdáhùn tó wá ní Tọ́sìdeè yẹn ni pé mìlímítà méjìdínlógójì ti rọ̀ ní Ṣakí láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ìyẹn tó, ó tiẹ̀ lé. Mo tún pe Misturat ọ̀rẹ́ mi tó ń ránṣọ nítòsí ọjà. Ó ní òótọ́ ni, ó ní àgbàrá gbé yanrìn àwọn tó ń kọ́lé lọ lọ́sẹ̀ yẹn.

Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ bi yín yìí. Ṣé irúgbìn náà dára? Ṣé kì í ṣe pé ẹ gbìn ín sókè jù? Mo ní láti mọ ibi tí àṣìṣe náà wà kí n tó lọ dúró níwájú àwọn èèyàn níbi iṣẹ́.

Ọmọ yín,
Sọ̀fíyàt.


Ṣakí,
Ọjọ́ 14, Oṣù Karùn-ún, 2024.

Sọ̀fíyàt,

Mo ti kà á.

Ọmọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú ló ń bi mí bóyá mo mọ àgbàdo gbìn. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹ̀rọ rẹ ò parọ́, Misturat ò parọ́, a jẹ́ pé èmi tí mo fi ẹsẹ̀ mi tẹ erùpẹ̀ gbígbẹ ni òpùrọ́.

Máa lọ sọ̀rọ̀ rẹ níwájú àwọn ọ̀gá rẹ. Ó dàárọ̀.

M. Ládòkun.


Ṣẹ́fíìdì,
Ọjọ́ 19, Oṣù Karùn-ún, 2024.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ ju bí obìnrin ṣe ń kúnlẹ̀ lọ. Ọjọ́ márùn-ún rèé. Mo rí i lórí fóònù pé ẹ ti ka gbogbo ohun tí mo fi ránṣẹ́. Màmá ní ẹ ò ní kí wọ́n dárúkọ mi nílé. Ẹ bú mi, ẹ nà mí lẹ́nu, ó sàn ju ìdákẹ́jẹ́ yìí lọ.

Ohun kan péré ni mo bẹ̀ yín: ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbin ìdajì tó kù títí màá fi rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti tún gbogbo ìlà iṣẹ́ náà kà. Mi ò tíì rí i, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Sọ̀fíyàt.


Ṣẹ́fíìdì,
Ọjọ́ 23, Oṣù Karùn-ún, 2024.

Bàbá mi,

Mo ti rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé lẹ́tà yìí sílẹ̀ láìkà á tán.

Inú iṣẹ́ mi ni mo ti ń wá àṣìṣe láti ọjọ́ yìí. Lánàá ni mo wá ṣí ìwé orúkọ tí ẹ fi ránṣẹ́, mo fi ìka tẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orúkọ mẹ́tàlélógójì. Níwájú gbogbo wọn, Ṣakí, Ṣakí, Ṣakí. Alárinà wá Ṣakí lórí máàpù, ó fi ìka lé àárín ìlú, nítòsí ọjà, ó sì béèrè òjò ibẹ̀. Òjò rọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Ta ló gbin àgbàdo sínú ọjà?

Ìdí-Emi ni oko yín wà, lọ́nà odò Òfìkì, máìlì mẹ́rìndínlógún sí ilé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, láti Mọ́ńdè di Tọ́sìdeè lẹ fi ń sùn ní abà. Síbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá bi yín níbi tí ẹ ń gbé, Ṣakí ni ẹ máa sọ. Ta ni kì í sọ bẹ́ẹ̀ nínú wa? Ẹni tó lo ogójì ọdún ní abà, ará Ṣakí ni. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi, èmi náà ni mo sì kọ ìbéèrè yẹn sílẹ̀: "Ìlú wo?" Ká ní òyìnbó ló kọ ọ́, ǹ bá ti bú u pé kò mọ̀ wá.

Ẹ ò parọ́, Bàbá. Ẹ gbìn ín bó ṣe yẹ. Èmi ni mo bi àgbà ní ìbéèrè tí kò tọ́, tí mo sì tún dá a lẹ́bi nígbà tó dá mi lóhùn. Ojú ń tì mí. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé mi ò ní lè sọ̀rọ̀ kankan.

Ẹ bá mi kọ orúkọ abà oníkálukú síwájú orúkọ rẹ̀, kíá, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa.

Ọmọ yín tó ṣẹ̀ yín,
Sọ̀fíyàt.


Ṣakí,
Ọjọ́ 27, Oṣù Karùn-ún, 2024.

Sọ̀fíyàt Àyọ̀ká,

Mo ti kà á tán. Mo kà á fún ìyá rẹ pẹ̀lú. Ìbínú mi ti rọlẹ̀, àmọ́ kò tíì tán, má tan ara rẹ jẹ.

Ọ̀rọ̀ tí o ní kí n ṣe yẹn ti dá ìjà sílẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo ní kí oníkálukú dárúkọ abà rẹ̀ kí n kọ ọ́. Kàdírì ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Tíṣà, ẹ fẹ́ kọ mí sílẹ̀ bí ará oko? Abà ni bàbá mi kú sí, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, orí la fi rù ú wá sílé ká tó sin ín. Ẹ wá fẹ́ fi bírò gbé èmi tí mo ṣì wà láàyè padà síbẹ̀?" Àwọn kan ní lọ́jọ́ tí ìjọba bá ń pín nǹkan fún ará ìlú, ìwé yẹn ni wọ́n máa fi lé àwọn. Àwáwù ní tirẹ̀ dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó lọ.

Ká sọ òótọ́, ó ń ká èmi náà lára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "Mojeed Ládòkun, Abà Ìdí-Emi", mi ò lè kọ ọ́ parí. Ṣé kò sí ọ̀nà míì ni? Sánmà ti ń ṣú lójú wa báyìí. Apá wọn ń yún wọn láti gbìn, mi ò sì mọ bí màá ṣe dá wọn dúró pẹ́.

Bàbá rẹ.


Ṣẹ́fíìdì,
Ọjọ́ 28, Oṣù Karùn-ún, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ ṣeun tí ẹ dá mi lóhùn. Ẹkún ni mo fi kà á.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹ́ ará Ṣakí. Wọn ò purọ́. Mo ti pín ìbéèrè náà sí méjì nínú ìwé: ọ̀kan fún èèyàn, ọ̀kan fún ilẹ̀. Iwájú orúkọ yóò máa jẹ́ Ṣakí. Fún ilẹ̀, ẹ má kọ orúkọ abà rárá. Kí ẹnì kan tó ní fóònù ńlá dúró láàárín oko kọ̀ọ̀kan, kí ó tẹ ibi tí mo sàmì sí nínú àwòrán tí mo fi ránṣẹ́ yìí. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ni alárinà máa gbé lọ béèrè.

Nǹkan kejì wà tí mo rí, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ilé-iṣẹ́ yẹn ò bá dáhùn lọ́jọ́ kan, ìdáhùn àná ni alárinà ń gbé fún yín bí ẹni pé ti òní ni. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ kó má baà dà bíi pé kò mọṣẹ́. Mo ti yọ ọ́. Láti òní lọ, bí wọn ò bá dáhùn, ohun tó máa sọ ni: "Mi ò mọ̀. Àwọn tó ń wọn òjò kò dáhùn lónìí."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wọn dúró.

Sọ̀fíyàt.


Ṣakí,
Ọjọ́ 1, Oṣù Kẹfà, 2024.

Sọ̀fíyàt,

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tẹ oko mẹ́tàlélógójì náà níkọ̀ọ̀kan. Orúnkún mi ń sọ̀rọ̀.

Lánàá, bí a ṣe ń jáde ní Jímọ̀, òjò bẹ̀rẹ̀ ní Ṣakí, ó sì rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn èèyàn ti ń gbé àpò irúgbìn sórí ọ̀kadà nínú òjò náà. Àfi bí fóònù ṣe dún: "Òjò kò tíì tó lóko yín. Ẹ ní sùúrù." Lójú òjò! Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n tún bú mi. Mo dúró sójú ọ̀nà oko níparí ìlú, mo ní ẹni tó bá fẹ́ kọjá, kó gbé mi kúrò. Bí irọ́ bá tún ni, mi ò ní lè gbójú sókè nílùú yìí mọ́. Ọ̀la ni màá lọ wò ó.

Ti "mi ò mọ̀" tí o ní ó máa sọ yẹn kò bá mi lára mu. Àgbà tó bá ń wí bẹ́ẹ̀ láwùjọ, wọ́n á dìde kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Bàbá rẹ.


Abà Ìdí-Emi,
Ọjọ́ 14, Oṣù Kẹfà, 2024.

Sọ̀fíyàt Àyọ̀ká, ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ. Ó ti hù. Mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn.

Nígbà tí mo dé ibí ní Sọ́ńdè ọjọ́ kejì yẹn, ilẹ̀ gbẹ táútáú. Òjò tó rọ̀ nílé ò dé ibí. Mo pe Kàdírì wá wò ó, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ. Ká ní a ti gbìn, à bá ti parí. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún bú mi.

Ní Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òjò wá rọ̀ níbí. Ó rọ̀, àmọ́ a ò mọ̀ bóyá ó tó. Gbogbo wa jókòó láàárọ̀ Jímọ̀, à ń wo fóònù. Ó dún: "Mi ò mọ̀. Àwọn tó ń wọn òjò kò dáhùn lónìí." Gbogbo ojú padà sọ́dọ̀ mi. Ẹnu mi ti fẹ́ sọ pé ẹ gbìn. Mo wá ní, "Èmi náà ò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ ilẹ̀ wò." Kò sẹ́ni tó dìde kúrò lọ́dọ̀ mi, Sọ̀fíyàt. Wọ́n dìde lọ mú ọkọ́. Oníkálukú gbẹ́ tirẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Ní oko mọ́kànlélọ́gbọ̀n, erùpẹ̀ ṣù mọ́ra lọ́wọ́, a gbìn ín. Méjìlá tó kù dúró di ọjọ́ Ajé, tèmi wà nínú wọn. Ti àwọn tó kọ́kọ́ gbìn ló hù yìí.

Ilẹ̀ Àwáwù wà nínú àwọn tó tutù, àmọ́ kò ní irúgbìn. Abẹ́ igi emi ló jókòó sí tó ń wò wá. Kàdírì bu kóńgò kan nínú tirẹ̀, ó gbé e síwájú rẹ̀. Àwọn yòókù ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kan èmi, ó fi ọwọ́ ti kóńgò mi padà.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gbìn, Àwáwù bu erùpẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Ó fẹ́ ẹnu sí i, ó fò lọ bí ìyẹ̀fun. Ó ní, "Tíṣà, ẹ wò ó." Mi ò wò ó. Mo ní ọmọ mi ti sọ̀rọ̀. Ojú mi rí eruku yẹn, Sọ̀fíyàt, mo sì jẹ́ kó gbin gbogbo irúgbìn rẹ̀ torí pé inú mi ń dùn sí ọ. Ní Jímọ̀ yẹn, mo kúnlẹ̀ fún un níwájú gbogbo wọn. Ó jẹ́ kí n pẹ́ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gba kóńgò ọwọ́ mi.

Ó wá bi mí pé, "Ṣé Sọ̀fíyàt mọ̀ pé gbogbo irúgbìn tèmi ló ṣòfò?" Mo ní o mọ̀. Ó ní, "Kí ló wá dé tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ọjọ́ yìí?"

Ọ̀túnla ni Iléyá, gbogbo wa ń lọ sílé lọ́la. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ. Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti bàbá tọmọ kó má láàlà. Mo ti bẹ̀ ẹ́ fún èyí tó jẹ́ tèmi. Tìrẹ ṣì wà níbẹ̀, mi ò sì ní bá ọ bẹ̀ ẹ́.

Bàbá rẹ,
Mojeed Ládòkun.